Obìnrin Tí Ọba Ṣí Nípò Fún, Tí Kò Rí Àga Ilé Ìgbìmọ̀ Jókòó

 

Ọ̀rọ̀ Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí. Orúkọ náà kì í ṣe àjèjì sí yín. Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé, á ní òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin, wọ́n á ní ìyá Fẹlá ni. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá á ní òun ló kó àwọn obìnrin jọ títí Aláké, ọba wọn, fi kúrò láàfin. Gbogbo èyí la ti gbọ́. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni pé obìnrin yìí du ipò ìbò, ó tún dù ú, kò sì wọlé rí. Obìnrin tí ọba fi ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí ariwo rẹ̀, wọn ò fìgbà kankan dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ì báà ṣe ti Ìbàdàn, ì báà ṣe ti Èkó. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká fojú sí. Ó dá mi lójú pé bí a bá mọ ohun tó dí i lọ́nà, a ó mọ ohun tó ń dí àwọn ọmọbìnrin wa lọ́nà dòní.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900, sínú ìdílé Thomas, àwọn ìran Sàró. Nígbà tí Abẹ́òkúta Grammar School gba ọmọbìnrin wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1914, ó wà nínú wọn. Ó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà dé ní 1922, ó sì ti pa Frances àti Abigail tí wọ́n fi sàmì fún un tì. Fúnmiláyọ̀ ló kù. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ àgbà tó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Ilé olùkọ́ ni ilé wọn, ilé àwọn tí ìlú ń wárí fún.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè jókòó jẹ́jẹ́ kó máa gba ìkíni. Bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, Abeokuta Ladies' Club, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni: wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń se àsè, wọ́n ń kọ́ ìwà ọmọlúàbí òde òní. Ọ̀rọ̀ yí padà ní nǹkan bí 1944, nígbà tí ìyá ọlọ́jà kan wá, tó ní òun fẹ́ mọ̀wé kà. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún un àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń kọ́ a, b, d, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ tẹnu wọn. Àwọn tó pè wọ́n wá kàwé wá rí i pé àwọn náà ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wọ̀nyí.

Kí ni àwọn ìyá ọlọ́jà ń sọ? Àkókò Ogun Hítílà ni. Ìjọba ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin lójú ọ̀nà ọjà, ní owó tí kò tó nǹkan, tàbí láìsan kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ náà kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ, wọn ò rí èsì tó dáa. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, ìrẹsì gbígbà sì dúró. Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn wọ́n: aláṣẹ tí kì í dáhùn nínú ìyẹ̀wù a máa dáhùn bí gbogbo ayé bá ti gbọ́. Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abeokuta Women's Union, ìyẹn Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin, ọlọ́jà, aláró, àgbẹ̀, olùkọ́. Ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún obìnrin tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó orí, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdún 1918 ni ìjọba òyìnbó mú owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún náà gan-an ni Ogun Àdùbí jà nítorí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Nàìjíríà, ọkùnrin nìkan ló ń san án. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin náà ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, yálà ó ní ọkọ tàbí kò ní, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti di ẹni tó ń san owó orí. Bí ọmọ bá sì ní òun ò tíì tó bẹ́ẹ̀, àwọn agbowó-orí a máa tú u láṣọ wò bóyá ó ti yọ ọmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi, ẹ fi ọmọ yín sípò ọmọ náà. Ọmọ ẹni, láàárín ọjà, lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kò sí aláṣẹ kankan tó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí oorun tún kùn ún.

Owó obìnrin ń wọ àpò ìjọba, ohùn obìnrin ò wọ ilé ìgbìmọ̀. Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ni ìjọba òyìnbó fi ṣe aláṣẹ kan ṣoṣo lórí ìjọba ìbílẹ̀. Obìnrin kan ò sí nínú àwọn tó ń bá a dámọ̀ràn lórí owó náà. Ohun tí ẹgbẹ́ náà béèrè ṣe kedere: kí owó orí obìnrin dópin, kí wọ́n bu owó orí lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, kí àṣẹ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí obìnrin sì wà nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n tún gba oníṣirò owó kó yẹ ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí owó ń gbà.

Ìyá Ransome-Kuti pa aṣọ òyìnbó tì pátápátá. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ, òyìnbó ló ń wá ògbufọ̀. Obìnrin tó kàwé ní Ìlú Ọba nìyẹn o! Bí ọlọ́pàá ò bá fún wọn ní àṣẹ láti rìn ìrìn ẹ̀hónú, wọ́n á ní àríyá làwọn fẹ́ ṣe, àwọn ń lọ jẹun níta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún á sì jáde.

Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá obìnrin tó lọ sí ààfin Aké. Wọ́n pa ọjà tì. Wọ́n sun ìta mọ́jú, wọ́n ń kọ orin tí ó ń bú ọba ní tààrà. Ní oṣù kejìlá wọ́n tún padà lọ. Àwọn tó ti ka ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ á ti bá díẹ̀ nínú ìtàn yìí pàdé, nítorí ojú ọmọdé tó wà nílé àwọn obìnrin wọ̀nyí ló fi rí i. Ìyá rẹ̀ wà lára wọn.

Mi ò fẹ́ ká sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwọn obìnrin nìkan ló ṣe é. Àwọn Ògbóni náà kẹ̀yìn sí Aláké ní 1948, ẹ̀rù sì ti ba ìjọba òyìnbó pé ìlú fẹ́ dàrú. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ sọ ní gbangba ohun tí gbogbo wọn ń sọ nínú yàrá? Àwọn obìnrin ni. Ọba kúrò ní Abẹ́òkúta ní àárín ọdún 1948, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1949. Owó orí obìnrin kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ tuntun tó ń darí ìlú fúngbà díẹ̀, wọ́n fi obìnrin mẹ́rin sí i, Ìyá Ransome-Kuti sì jẹ́ ọ̀kan. Ibi tó dé nínú ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn. Ọba padà wálé ní oṣù kejìlá 1950, Ìyá Ransome-Kuti sì ti ń wo ibòmíràn nígbà náà, nítorí agbára ti ń kúrò ní Aké, ó ń lọ sí Ìbàdàn.

Ní 1951, òfin ìpìlẹ̀ Macpherson dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó lágbára sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ìyá Ransome-Kuti gbé àpótí lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ. Kò wọlé. Ẹ gbọ́ ìdí kan nínú ìdí rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ìbò ọjọ́ náà kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Àwọn ará àdúgbò á yan aṣojú, àwọn aṣojú á tún yan aṣojú, àwọn yẹn ló ń yan ẹni tó ń lọ Ìbàdàn. Kó o tó lè wà lára àwọn tó ń dìbò rárá, o gbọ́dọ̀ ti san owó orí.

Owó orí! Ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sun ìta nítorí rẹ̀, tí wọ́n fi jà títí wọ́n fi mú un kúrò lọ́rùn wọn, òun náà ni òfin tuntun sọ di ìwé àṣẹ ìdìbò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, àwọn tó lè torí rẹ̀ pa ọjà tì, àwọn gan-an ni òfin náà fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò rò pé ìpalára kan wà nínú gbogbo ìrìn-àjò òṣèlú rẹ̀ tó tó èyí. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi, kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn yọ àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nínú ìwé olùdìbò ni.

Ó sì yé e dáadáa. Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: kí gbogbo obìnrin lè dìbò, kí wọ́n sì lè du ipò. Ní 1949 ó ti sọ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta di ti gbogbo Nàìjíríà, Nigerian Women's Union. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Margaret Ekpo, rìn káàkiri Ìlà-Oòrùn láti dá ẹ̀ka sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1953, ó pe àwọn obìnrin láti ibi gbogbo wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ 1954, Ìlà-Oòrùn ti gbà kí gbogbo àgbàlagbà dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Níhìn-ín, ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí a ń pe ara wa ní aṣáájú nínú ọ̀làjú, ìwé owó orí la ṣì ń béèrè. Ó di 1959 kí gbogbo obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn tó dìbò. Ní Àríwá, ó di lẹ́yìn ọdún 1975.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ìyá Ransome-Kuti kì í ṣe èrò ẹ̀yìn nínú NCNC. Ní 1947, nígbà tí ẹgbẹ́ náà rán àwọn aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wí, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ nípa ìyà tó ń jẹ obìnrin Nàìjíríà lábẹ́ òyìnbó, àwọn ọkùnrin ńlá ilé sì bínú sí i. Òun ló jẹ́ ààrẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì jẹ́ akápò wọn níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fẹ́ èrò, òun ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí yóò bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀, òun ni. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1955, kò dúró. Lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kọ̀ láti fún un ní ìwé ìrìnnà mìíràn, wọ́n ní ó ń bá àwọn ìlú Kọ́múníìsì ṣe, nítorí pé ó ti lọ sí Ṣáínà. Kò dúró.

Ìdìbò àpapọ̀ 1959 wá dé, èyí tí yóò bí ìjọba òmìnira. Obìnrin ti ní ìbò báyìí. Ẹ wo bí àsìkò náà ti bá a mu tó! Ó ní òun fẹ́ du ipò lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kò fà á kalẹ̀.

Ó dù ú láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbò Alákùkọ pín sí méjì, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó ń bá Alákùkọ díje ló wọlé. NCNC lé e jáde. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party, ẹgbẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n kò lówó, kò ní ọ̀gá níbikíbi, kò sì pẹ́ tó fi tú ká.

Àwọn kan á ní kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ẹgbẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ gbé ìpinnu. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà òṣèlú, mi ò sì gbà á. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí obìnrin yìí fi kó èrò fún ẹgbẹ́ náà. Ìgbà tó tó kí ẹgbẹ́ kó ìbò fún òun náà ni ilẹ̀kùn tì. Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ da májẹ̀mú. Kí ló kù tí yóò ṣe, kó padà lọ máa darí orin ní ìpàdé?

Ẹ tún wo Ìlà-Oòrùn. Ní 1961, obìnrin mẹ́ta wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, Margaret Ekpo tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Àwọn ará Abá ló dìbò fún un. Kí ló fà á? Obìnrin ibẹ̀ ti ń dìbò láti 1954, ẹgbẹ́ sì fà wọ́n kalẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni o, NCNC yìí kan náà! Lọ́dọ̀ tiwa, Ìyá Wúràọlá Ẹ̀san, tó dá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lété n'Ìbàdàn, di obìnrin àkọ́kọ́ nílé ìgbìmọ̀ àgbà ní 1960. Obìnrin iyì ni, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n yíyàn ni ẹgbẹ́ yàn án, ìlú kọ́ ló dìbò fún un. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹni tí a yàn lè ṣe dáadáa, bí Ìyá Ẹ̀san ti ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó yàn án ni okùn rẹ̀ wà.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ le. Ìjọba Soviet fún un ní ẹ̀bùn Lenin fún àlàáfíà ní 1970. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Ìjọba kan ò tíì sanwó ìyẹn tán.

Ẹ̀yin èèyàn wa, lónìí kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ obìnrin kó tó dìbò. Obìnrin ló kún ìlà ìdìbò láti òwúrọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, Yétúndé Ọnànúgà ti ṣe igbákejì gómìnà, Noimot Sàlàkọ́-Oyèdélé sì tẹ̀lé e. Igbákejì! Kò tíì sí obìnrin kan tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà ní ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Nínú ìjókòó 109 tó wà nílé ìgbìmọ̀ àgbà l'Ábújá, àwọn obìnrin tó wọlé ní 2023 ò tó mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2022, nígbà tí wọ́n gbé àbá wá pé kí wọ́n ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún obìnrin, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì ya ìpín kan nínú ipò wọn sọ́tọ̀ fún wọn, àwọn aṣòfin sọ àbá náà nù lọ́jọ́ kan náà. Àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ níjọ́ kejì, bí àwọn ìyá wọn ti dúró ní Aké.

Ilẹ̀kùn tó tì mọ́ Ìyá Ransome-Kuti ní 1959 kì í ṣe ti àpótí ìbò. Ti yàrá tí ẹgbẹ́ ti ń pín tíkẹ́ẹ̀tì ni, òun ló ṣì tì. Owó fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ìpàdé ọ̀gànjọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ kó ṣe igbákejì" wà níbẹ̀. Bí a ti ń ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri tó, tí wọ́n gbé fíìmù nípa rẹ̀ jáde ní sinimá ní 2024, tí gbogbo wa sì ń pè é ní akọni, yàrá yẹn la ò tíì bá a wọ̀.

Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ̀yin obìnrin tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́: nígbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, ẹ má lọ síbi ìkòkò ìrẹsì. Ẹ béèrè ìwé àwọn aṣojú tí yóò yan olùdíje, ẹ kà á, ẹ wo iye obìnrin tó wà níbẹ̀. Bí orúkọ yín ò bá sí, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sí i. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń darí ìpàdé náà, ẹ fún wọn ní ìwé náà kí wọ́n kà á.